Ọ́síjìn wà nímú aláìsàn, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ 86% ni: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Wọ́ọ̀dùB

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé ìwòsàn ìjọba tí kò ní ICU, ìyẹn ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, ni ìbéèrè yìí ti wá. Aláìsàn náà jẹ́ ọkùnrin ẹni ọdún 46, òtútù àyà ló mú un, ọjọ́ kẹrin ibà rẹ̀ rèé. Kì í mu sìgá, kò sì ní ásímà. Ó ń mí ní ìgbà 34 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 118/70, ọpọlọ rẹ̀ sì pé. Concentrator, ẹ̀rọ tó ń yọ ọ́síjìn látinú afẹ́fẹ́, onílítà 5 láàárín ìṣẹ́jú kan la fi sí i, a ṣí i dé 5, rọ́bà imú ló ń lò. Oògùn apakòkòrò ceftriaxone àti azithromycin ti wọlé. Ọ̀sìmítà, ẹ̀rọ tí a fi mọ́ ìka láti wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, ò kúrò lórí 86%.

Kò sí ẹ̀rọ tó ń yẹ gáàsì inú ẹ̀jẹ̀ wò. X-ray di àárọ̀. Sìlíńdà ńlá kan wà, ultrasound ti ẹ̀ka aboyún sì wà nítòsí. Báwo la ṣe ń mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ló ń tan èèyàn jẹ tàbí ẹ̀dọ̀fóró ló ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Báwo la ṣe lè wọn bí àìsàn náà ṣe le tó láìsí gáàsì ẹ̀jẹ̀? Kí ló sì kàn, èwo ló yẹ kó ṣáájú èwo?

Ẹnjiníà_Èémí

Ẹ kọ́kọ́ gbé e sórí sìlíńdà. A kì í tú ẹ̀rọ nígbà tí rọ́bà rẹ̀ ṣì wà nímú ẹni tó ń jà fún èémí. Ẹ fún un ní lítà 5 kan náà láti inú sìlíńdà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí nọ́ńbà bá fò sókè, ẹ̀rọ lẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí. Bí kò bá yí padà, ẹ jẹ́ kí àwọn dókítà máa bá ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ibi tó ń jò. Ẹ ki ẹnu rọ́bà imú bọ ife omi. Ní lítà 5, omi gbọ́dọ̀ máa hó gidigidi. Bó bá ń hó díẹ̀díẹ̀, ẹ ká rọ́bà náà, ẹ fún un pa, kí ẹ sì wo bọ́ọ̀lù kékeré inú gíláàsì ara ẹ̀rọ. Bí ibì kankan ò bá jò, bọ́ọ̀lù á já sílẹ̀, ìgò omi tó ń fi ọ̀rinrin sí afẹ́fẹ́ náà á sì súfèé. Bí bọ́ọ̀lù bá dúró síbi tó wà, afẹ́fẹ́ ń gba ibòmíràn jáde. Ìdérí ìgò omi lẹ ó kọ́kọ́ fura sí: tí wọ́n bá bu omi kún un tán, ó rọrùn láti dé e ní wíwọ́, ojú ò sì ní rí i. Ẹ yọ ìgò náà kúrò pátápátá, ẹ so rọ́bà mọ́ ẹ̀rọ tààrà, kí ẹ tún un dán wò. Fún àgbàlagbà tó ń gba lítà 4 sísàlẹ̀ nípasẹ̀ rọ́bà imú, imú fúnra rẹ̀ tó láti fi omi sí afẹ́fẹ́ náà. Ẹ rántí pé àárín bọ́ọ̀lù la ń kà, ojú yín sì gbọ́dọ̀ wà ní ọgbọọgba pẹ̀lú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí: bọ́ọ̀lù ń sọ iye afẹ́fẹ́ tó ń jáde, kò sọ iye ọ́síjìn tó wà nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ni concentrator ń fà, ìdá 78 rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ náítírójìn, ìdá 21 jẹ́ ọ́síjìn. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ á fi agbára tì í gba inú àgbá méjì tí wọ́n kó hóró zeolite sí. Zeolite á gbá náítírójìn mú, ọ́síjìn á kọjá. Bí àgbá kìíní bá kún, èkejì á gbà á ṣe, tàkọ́kọ́ á sì tú náítírójìn tirẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ ìró “fùú, fùú” ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan síra. Ohun tó yẹ kó jáde ni 93%, ó lè fi 3 lé, ó lè fi 3 dín. Bó bá lọ sílẹ̀ ju 82% lọ, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ké.

Ọ̀rìnniinrin ni ọ̀tá zeolite. Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sí ìsọ̀ fún oṣù mẹ́fà láìtàn án lè jáde síta pẹ̀lú àwọ̀ tuntun, kó máa tú afẹ́fẹ́ 60% jáde, kí bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì dúró gangan lórí 5. Eruku náà ń pa á: fílítà tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, ẹ máa fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó dá a padà. Nígbà ọyẹ́, ẹ fọ̀ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín ẹ̀rọ àti ògiri, ó kéré tán 30 sẹ̀ntímítà, kí kọ̀mpírẹ́sọ̀ má baà máa mí ooru ara rẹ̀. Bí iná bá rẹ̀wẹ̀sì, agbára tó ń ti afẹ́fẹ́ á dín, ọ́síjìn náà á dín. Sítébíláísà kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ níbẹ̀. Ẹ má sì ṣí ẹ̀rọ onílítà 5 kọjá 5: ẹ ó rí afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i, ọ́síjìn inú rẹ̀ á sì máa já wálẹ̀.

Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ́síjìn, tí wọ́n ń pè ní analyser, ló ń parí àríyànjiyàn. Bí ilé ìwòsàn bá ní concentrator mẹ́wàá láìní analyser kan, kò mọ ohun tó ń fún àwọn aláìsàn rẹ̀.

Màtírọ́ọ̀nù_Àgbà

Ẹnjiníà, ẹ ṣeun. Àbúrò mi, kí o tó gba 86 yẹn gbọ́, wo apá tí ìka wà.

Ka ìlù ọkàn rẹ̀ lọ́rùn ọwọ́ fún ìṣẹ́jú kan. Bí iye tí o kà bá jìnnà sí èyí tí ọ̀sìmítà kọ, má gba nọ́ńbà ọ́síjìn rẹ̀ gbọ́ rárá. Ọwọ́ tútù, ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ìfúnpá tó já wálẹ̀, aṣọ tí a fi ń wọn ìfúnpá tó ń fún apá kan náà mọ́ra, gbogbo wọn ló ń ba kíkà jẹ́. Nu ọ̀dà èékánná kúrò. Bó bá jẹ́ obìnrin tó lé làálì sí ọwọ́, gbé e sí etí tàbí sí ìka ẹsẹ̀ tí làálì ò dé. Iná pupa àti iná tí ojú ò lè rí ni ẹ̀rọ yẹn ń tàn gba inú ìka kọjá, ó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ ṣe ń gba ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mu. Ohunkóhun tó bá dí iná lọ́nà á yí ìdáhùn padà.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara náà wà níbẹ̀, ó sì kàn wá gan-an. Ní 2020, àwọn oníwádìí Yunifásítì Michigan fi kíkà ọ̀sìmítà wé gáàsì ẹ̀jẹ̀. Nínú àwọn tí ọ̀sìmítà sọ pé wọ́n wà láàárín 92 sí 96%, àwọn aláwọ̀ dúdú tí ọ́síjìn ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó 88% ní tòótọ́ jẹ́ 11.7%. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, 3.6% ni. Nítorí náà, bí aláìsàn wa bá wà lórí 92 tó sì ń mí bí ẹni tó sáré dé, èémí rẹ̀ ni kí o gbà gbọ́. Ní tèmi, 94 ni mo fẹ́ kí a máa lé fún àgbàlagbà tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ dára tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti sìgá tàbí ti èéfín ìdáná, COPD, 88 sí 92 ni tirẹ̀. Bó bá kọjá ibẹ̀, ó lè máa tòògbé, kí carbon dioxide sì máa kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nígbà tí nọ́ńbà ń dán gbinrin.

Ẹni tí wọ́n gbé jáde nínú yàrá tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ mọ́jú, má ka ọ̀sìmítà fún un. Carbon monoxide ń jọ ọ́síjìn lójú ẹ̀rọ yẹn. Á kọ 99 fún ẹni tó ń kú lọ. Ọ́síjìn tó pọ̀ jù lọ ni kí o fún un lójú ẹsẹ̀.

Rọ́bà imú náà ńkọ́? Yọ ọ́, wò ó sójú iná bóyá ikun ti dí i, kí ihò méjèèjì sì kọjú sínú imú. Bí ẹ ó bá gbé másíìkì lásán sí i, kò gbọdọ̀ kéré sí lítà 5, torí afẹ́fẹ́ tó mí jáde á há sínú másíìkì, á sì tún fà á padà.

Dókítà_Àyà

Nọ́ọ̀sì, ẹ kú àmójútó. Mo gbà pé ẹ ti gbé e sórí sìlíńdà, ìka mọ́, kò sì sí ibi tó ń jò. Bó bá ṣì wà ní 86, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n.

Ẹ pín SpO2, ìyẹn nọ́ńbà tí ọ̀sìmítà kọ, pẹ̀lú FiO2, ìyẹn ìpín ọ́síjìn nínú afẹ́fẹ́ tó ń mí símú. Fún rọ́bà imú, a máa ń ṣírò lítà 1 sí 24%, 2 sí 28%, 3 sí 32%, 4 sí 36%, 5 sí 40%. Nítorí náà 86 pín sí 0.40 jẹ́ 215. Ìṣirò yìí ló gba ipò gáàsì ẹ̀jẹ̀ fún irú ilé ìwòsàn tiyín. Ìlànà Berlin ti 2012 ní kí a rí gáàsì ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú àyà kí a tó lè pe àìsàn kan ní ARDS, ìyẹn ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì tí wú, tí omi ara kún, tí kò lè gba ọ́síjìn mọ́. Lábẹ́ ìlànà yẹn, níbi tí kò sí ẹ̀rọ, àìsàn náà kò “sí”. Àwọn oníwádìí ní Kigali, ní Rwanda, ló fi hàn ní 2016 pé a lè fi ọ̀sìmítà àti ultrasound dípò wọn. Ní 2023, ìlànà tuntun ti gbogbo ayé gbà á wọlé: SpO2 pín sí FiO2 tó jẹ́ 315 sísàlẹ̀, bí SpO2 kò bá kọjá 97%, àti àmì nínú ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, nínú ọ̀sẹ̀ kan tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, tí kì í ṣe ọkàn tó ń kùnà nìkan ló fà á. Fún àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ amúnimí, 235 sí 148 ni ipele àárín, 148 sísàlẹ̀ sì ni èyí tó le jù. Ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n ojú: 215 kì í ṣe òtútù àyà tí a ń fi lítà 5 sílẹ̀ dàárọ̀.

Ẹ fura sí 40% yẹn náà o. Ẹni tó ń mí ní ìgbà 34 ń fa afẹ́fẹ́ tó lé ní lítà 30 láàárín ìṣẹ́jú kan nígbà tó bá ń mí símú. Lítà 5 lẹ fún un. Yàrá ló ń bá a kún ìyókù, 21% sì ni tiyàrá. Bí èémí rẹ̀ bá ṣe ń yára sí i ni ọ́síjìn yín ṣe ń là sí i. Ìdí tí rọ́bà imú fi ń kùnà nìyí, kódà bí ẹ̀rọ bá pé. Kò sì bójú mu láti fi ROX, ìyẹn ìdáhùn òkè yẹn tí a tún pín sí iye ìgbà tó ń mí, ṣírò fún un ní báyìí. Fún ẹ̀rọ HFNC, tó ń fi agbára tú ọ́síjìn púpọ̀ gba imú, ni wọ́n ṣe ROX, níbi tí 4.88 sókè ti ń fini lọ́kàn balẹ̀. Bí ẹ bá ṣe é fún ọkùnrin yìí, 215 pín sí 34, ẹ ó rí 6.3, ẹ ó sì sùn. Ẹ má sùn.

Ohun tó kàn ni másíìkì alápò, lítà 15 láti inú sìlíńdà. Ẹ jẹ́ kí àpò kún kí ẹ tó gbé e sójú rẹ̀, kó má sì rọ̀ pátápátá nígbà tó bá mí símú. Bó bá ń rọ̀, lítà ò tó tàbí másíìkì ò lẹ̀ mọ́ ojú. Sìlíńdà ńlá, oníwọ̀n J, gba nǹkan bíi lítà 6,800. Ní lítà 15, wákàtí méje àbọ̀ ló máa lò. Bí abẹ́rẹ́ géèjì bá wà lágbedeméjì, ìdajì ìyẹn ló kù. Ẹ kọ wákàtí tó máa tán sára káàdì aláìsàn, kí ẹ wá èkejì báyìí, kì í ṣe ní aago mẹ́ta òru. Ẹ má fi epo tàbí girísì kan ẹnu sìlíńdà tàbí rẹgulétọ̀ rẹ̀ láéláé, torí ọ́síjìn tó ń tú jáde lé epo lè gbiná.

Nígbà tí másíìkì ń ṣiṣẹ́, ẹ gbé ultrasound ti aboyún wá. Orí rẹ̀ tó tẹ̀ kọdọrọ yẹn tó. Ẹ gbé e sáàárín egúngún ìhà, iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn, lápá méjèèjì. Ìlà funfun tó ń ti ara awọ ẹ̀dọ̀fóró ṣàn dé ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ bí iná tọ́ọ̀ṣì ni B-line. Bí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá wà láàárín egúngún méjì, omi ti wọ ẹ̀dọ̀fóró níbẹ̀. Ibi tó dúdú bí èédú lókè awọ tó pààlà àyà àti ikùn jẹ́ omi tó yí ẹ̀dọ̀fóró ká. Bó bá pọ̀, fífà á jáde lè ṣe ju ọ́síjìn lọ. Bí awọ ẹ̀dọ̀fóró kò bá yọ̀ síwá sẹ́yìn nígbà tó ń mí, ẹ ro afẹ́fẹ́ tó há sínú àyà. Ẹ má gbé CPAP, ẹ̀rọ tó ń fi agbára ti afẹ́fẹ́ sí ẹ̀dọ̀fóró láìdúró, sí ẹni bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó yanjú ìyẹn.

Níwọ̀n bí ọpọlọ rẹ̀ ti pé, ẹ ní kó dojú bolẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀dọ̀fóró ló gbòòrò jù, ibẹ̀ sì ni ìwúwo ń tẹ̀ pa nígbà téèyàn bá dùbúlẹ̀ gbalaja. Ìwádìí PROSEVA láti Faransé ní 2013 ló jẹ́ kí gbogbo ICU gba èyí: àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ amúnimí, tí wọ́n dojú bolẹ̀ fún wákàtí 16 lójúmọ́ ó kéré tán, 16% ló kú láàárín ọjọ́ 28. Àwọn tí wọ́n dùbúlẹ̀ gbalaja, 32.8%. Fún ẹni tó lajú sílẹ̀, ẹ̀rí tó lágbára jù wá láti ìgbà Kòrónà, ohun tó sì fi hàn ni pé ó ń dín iye àwọn tí wọ́n ní láti ki rọ́bà sí ọ̀nà ọ̀fun kù. Ẹ fi ìrọ̀rí sábẹ́ àyà àti ìbàdí, kí ikùn ráyè. Ẹ wo ọ̀sìmítà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bó bá rẹ̀ ẹ́, kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kó jókòó, kó tún padà. Ẹni tó ń bì, tó ń tòògbé tàbí tí ìfúnpá rẹ̀ ti já, ẹ má dojú rẹ̀ bolẹ̀.

Ẹ má gbàgbé ohun tó fà á. Ẹ yẹ HIV wò lálẹ́ yìí. Bó bá wà níbẹ̀, tí X-ray àárọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ nígbà tí ọ́síjìn wà nílẹ̀ báyìí, ẹ ro Pneumocystis, kòkòrò tó ń fa òtútù àyà fún ẹni tí HIV ti sọ di aláìlágbára: oògùn co-trimoxazole oníwọ̀n gíga, pẹ̀lú prednisolone 40 mg ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ kí ẹ tó máa dín in. Ẹ fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí GeneXpert, torí wákàtí méjì tó fún un láti sọ bóyá ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, àti bóyá rifampicin, oògùn ikọ́ náà, ṣì ń ràn án. Mo fẹ́ ká mọ ìdáhùn yẹn kí steroid, irú oògùn bíi prednisolone tàbí hydrocortisone tó ń dín wíwú kù, tó wọlé. Ìwádìí Faransé kan ní 2023 lo hydrocortisone 200 mg lójúmọ́ fún òtútù àyà tó le gan-an ní ICU. Ikú ọjọ́ 28 lọ láti 11.9% sí 6.2%. Oògùn tó yẹ ká lò ni, àmọ́ àwọn tí flu fa tiwọn kò sí nínú ìwádìí náà, ẹ má sì fi fún ẹni tí ẹ kò tíì yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ kúrò lọ́rọ̀ rẹ̀.

Bó bá lo wákàtí kan lórí lítà 15 tó ṣì wà lábẹ́ 90, tàbí ó ń mí ju ìgbà 35 lọ, tàbí ikùn ń wọlé nígbà tí àyà ń jáde, tàbí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, ẹ pe ibi tí ICU wà. Kó tó kúrò, ẹ ṣírò ọ̀nà: ìrìn wákàtí méjì ní lítà 15 jẹ́ lítà 1,800. Sìlíńdà F, tó gba nǹkan bíi 1,360, kò ní bá a dé. Méjì ni kó wọ ọkọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Wọ́ọ̀dùB

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìdérí ìgò omi wọ́ lóòótọ́. Lórí másíìkì alápò àti ìdojúbolẹ̀, 93% ló wà báyìí, èémí rẹ̀ wálẹ̀ sí 28. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: wọ́ọ̀dù ọmọdé fẹ́ gba concentrator náà. Ọmọ mẹ́rin ni, ẹ̀rọ kan. Wọ́n fẹ́ fi rọ́bà oníhà-méjì pín in, kí wọ́n sì fi ìgò ṣe CPAP fún èyí tó le jù.

Dókítà_Ọmọdé

Kí Ẹnjiníà kọ́kọ́ tún un yẹ̀ wò. Bó bá yege, ó tó ọmọ mẹ́rin, ṣùgbọ́n ẹ má lo rọ́bà oníhà-méjì lásán. Afẹ́fẹ́ ń gba ibi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ọmọ tí imú rẹ̀ dí ni kò sì ní rí nǹkan kan. Ẹ lo ohun èlò ìpín tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní bọ́ọ̀lù tirẹ̀. Ọmọ tuntun, lítà 0.5 sí 1. Ọmọ ọwọ́, 1 sí 2. Àpapọ̀ wọn kò gbọdọ̀ kọjá 5. Ọmọ tó bá wà lábẹ́ 90% ló gbọ́dọ̀ gbà á. Bó bá ní gìrì tàbí kò mọ ibi tó wà, ẹ lé 94.

Ní ilé ìwòsàn 12 ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019 rí i pé nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀sìmítà yẹ gbogbo ọmọ wò, ikú àwọn tó ní òtútù àyà dín kù. Ojú lásán kì í rí ọmọ tí ọ́síjìn rẹ̀ wà ní 87. Nítorí náà, ọ̀sìmítà tó ní ohun ìfimọ́ka ọmọdé ni kí wọ́ọ̀dù náà kọ́kọ́ bèèrè.

CPAP onígò ṣiṣẹ́, mi ò ní sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ní Dhaka, ní 2015, 4% àwọn ọmọ tó wà lórí rẹ̀ ló kú, 15% sì ni láàárín àwọn tó wà lórí rọ́bà imú lásán. Ṣùgbọ́n ní Malawi, nínú ìwádìí 2019, ní ilé ìwòsàn àgbègbè tí kò sí dókítà tó ń tọ́jú wọn lójoojúmọ́, 17% kú lórí CPAP, 11% lórí rọ́bà imú. Mo gbà pé ìyàtọ̀ náà wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ọmọ náà. Bí ẹ kò bá ní ẹni tó lè wò ó ní wákàtí wákàtí lóru, ẹ fi rọ́bà imú sí i, kí ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè ṣọ́ ọ.

Bí ẹni náà bá wà: ẹ fi rúlà wọn sẹ̀ntímítà 5 sára rọ́bà tó ń lọ sínú omi, ẹ fi táápù dè é kó má yọ̀, ẹ fi bírò sàmì sí ibi tí omi dé lára ìgò. Omi gbọ́dọ̀ máa hó láìdúró. Bó bá dákẹ́, ẹnu ọmọ ti là, tàbí rọ́bà imú kéré jù, tàbí ibì kan ń jò. Ẹ ki rọ́bà gba ẹnu dé inú ikùn rẹ̀, kí ẹ ṣí orí rẹ̀ sílẹ̀, torí afẹ́fẹ́ á wú ikùn náà, á sì ti ẹ̀dọ̀fóró sókè. Ẹ wo awọ imú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí i padà. Bí ọmọ náà bá jẹ́ èyí tí oṣù rẹ̀ kò pé, ẹ má ti ọ́síjìn 93% láti inú concentrator sí i tààrà: ojú rẹ̀ lè fọ́. Ẹ pò ó mọ́ afẹ́fẹ́ lásán, kí SpO2 rẹ̀ má kọjá 95%.